Ọgbìn Tí N Kò Gbìn Nínú Oko Ẹ̀gẹ́ Mi

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti rìn dé àárín oko, mo ń wo bí ẹgbẹ́ àáró wa ṣe bá mi ro ó mọ́ lánàá, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí olówó tó wá wo ilé tó ń kọ́, ni nǹkan kan bá ta sí mi nímú. Kì í ṣe òórùn ẹ̀gẹ́, kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́. Mo dúró. Mo wo apá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ni. Mo wo apá òsì, ẹ̀gẹ́ náà ni. Nígbà tí mo tún apá òsì wò, mo rí i pé àwọn kan wà láàárín ẹ̀gẹ́ náà tí ewé wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, etí ewé wọn sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn.

Mo mọ ewé náà. Igbó ni, èyí tí àwọn èèyàn ń fà bíi sìgá. N kò fà á rí, n kò sì tà á rí, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìyàwó mi ti ń ṣe tíṣà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà kọjá lórí ewé náà, wọ́n sì ya ọkùnrin kan sísàlẹ̀ rẹ̀ tó di irin fèrèsé ẹ̀wọ̀n mú. Ọkùnrin inú àwòrán yẹn dé fìlà. Èmi náà dé fìlà lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣí i kúrò lórí.

Ká ní ó kàn hù fúnra rẹ̀ ni, ǹ bá fà á tu, ǹ bá sì máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n igbó yìí tò lẹ́sẹẹsẹ, láti ìdí igi ìṣin tó wà láàárín oko títí dé apá odò. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n ti ro ìdí wọn. Kò sí koríko kan lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n kó ilẹ̀ rírọ̀ mọ́ ọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fẹ́ tẹ̀ nínú wọn, wọ́n ti fi igi gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ so ó mọ́ igi náà. Adájọ́ wo ló máa wo irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé olóko kò mọ̀ ọ́n?

Ẹni tí kò bá bá wa gbé ní agbègbè Ayétòrò lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn tó wá ro oko kò fa nǹkan náà tu. Òfin àáró ni kò jẹ́. Lónìí a ó lọ sí oko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn a ó lọ sí oko tìrẹ, títí yóò fi yípo. Bí a bá sì dé oko ẹnìkan, a kì í bi í léèrè ohun tó gbìn. Ohunkóhun tó bá tò lẹ́sẹẹsẹ ti ní olówó, ìdí rẹ̀ la máa ro. Wọ́n sọ fún wa pé láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin kan gbé ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá láti ilẹ̀ Faransé ní ìkọjá Ìmẹ̀kọ, ó gbìn ín, ẹgbẹ́ àáró sì fi ọkọ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n ní koríko ẹlẹ́gùn-ún ni. Ìjà yẹn pẹ́ débi pé àwọn ìdílé méjèèjì kò lọ síbi òkú ara wọn. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó ń fa nǹkan tu lóko ẹlòmíràn, àyàfi tí ẹni tó gbìn ín bá kọ́kọ́ fa tirẹ̀.

Mo wá rántí pé nígbà tí a ń ṣan ọkọ́ lánàá, olórí àáró wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ṣẹ́jú sí mi, ó ní, “Ọgbìn tuntun rẹ yẹn, ó mà ń ṣe dáadáa o.” Etí oko ni èmi ti ro tèmi lọ́jọ́ náà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti dé àárín gbẹ̀yìn; ẹ̀wà tí mo gbìn sétí oko ni mo rò pé ó ń wí. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. À ń gbìyànjú.” Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Ilé rẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá a níbi tó ti ń pọ́n àdá sára òkúta níwájú ilé.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ rí nǹkan kan lóko mi lánàá.”

“A rí i.”

“Ẹ sì mọ ohun tó jẹ́?”

“Ṣé ojú wa fọ́ ni?”

“Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo gbìn ín.”

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. “Háà,” ló ní. “Má sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù o. Láti àná ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹ. Ẹni tó gbè é nígi sọ lójú ọ̀nà pé, ‘Ẹ wo ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí, ẹni tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà torí kọ́sítọ́ọ̀mù. Àṣé ó láyà.’”

Òótọ́ ni pé mo máa ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ta okùn sí lójú ọ̀nà, yálà kọ́sítọ́ọ̀mù ni o, ọlọ́pàá ni o, àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró ni o, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá ṣí fìlà, màá kí wọn, màá fẹsẹ̀ rìn kọjá, màá sì tún gun ọ̀kadà lódìkejì. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. N kò gbé ìrẹsì, n kò gbé epo bẹntiróòlù. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

“Bàbá, kí ni kí n ṣe?”

“Ó le díẹ̀,” ló wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá rẹ̀. “Bí ìjọba bá rí i, ìwọ ni wọ́n máa mú. Bí o bá fà á tu, tí ẹni tó gbìn ín bá dé, ìwọ náà ló máa mú. O ò sì mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó lè jẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ tiwọn.” Ó fi àtàńpàkò tọ́ ojú àdá wò. “Jókòó, kí wọ́n bu omi fún ẹ.”

N kò dúró gba omi, ọ̀nà ilé ni mo gbà.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, ó sì ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Baba Ìbejì, ẹ dáná sun ún.”

“Dáná kẹ̀? Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Apá ṣọ́ọ̀ṣì yín ni atẹ́gùn oko yẹn ń fẹ́ sí.”

Ó rò ó díẹ̀. “Ẹgbẹ́ akọrin wa kúkú nílò nǹkan kan,” ló wí, ẹ̀rín sì pa wá, ẹ̀rín tí kò dé ikùn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Bí wọ́n bá mú yín, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn kì í gba ìtanràn lórí oko igbó. Èmi ni mo sì máa ń to àwọn ọmọ síwájú àwòrán ara ògiri yẹn, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n wo ìgbẹ̀yìn ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n á ní ọkọ tíṣà ni.”

“Ṣé kí n lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ni?”

“Kí ẹ ní kí ni? Pé igbó wà lóko yín, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ gbìn ín, ẹgbẹ́ àáró yín ló kàn bá yín ro ìdí ẹ̀?”

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kódà etí tèmi kò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Ìyá wa kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́bí bàbá wa. Télọ̀ ni ní Ìlaròó, rédíò rẹ̀ kì í kú lórí pẹpẹ tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí òfin kan bá jáde ní Àbújá ní òwúrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó wá gba aṣọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ní òun ló máa mọ ohun tí òfin wí.

Mo dúró dìgbà tí oníbàárà tó wà níbẹ̀ lọ, mo wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo rí igbó lóko mi.”

Inú rẹ̀ dùn. N kò lè pè é ní nǹkan mìíràn. “Ó ti ga dé ibo?”

“Ó ti dé ìbàdí mi.”

“Ìbàdí tìẹ, àbí ìbàdí èèyàn?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni mo ń bá yín sọ.”

“Mo gbọ́. Èyí tó wà lápá odò ńkọ́? Òun náà ń gòkè?”

N kò tíì sọ̀rọ̀ odò. Mo wò ó, ó wò mí. Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó dín ohùn rẹ̀ kù. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti rà á.

“Àbúrò mi,” ló wí, “jókòó, kí n kọ́ ẹ ní ìtàn.”

Ó sì kọ́ mi. Ó ní láyé àwọn ológun, ẹni tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lóko lè má padà wá sílé mọ́. Ó ní nígbà tí ìjọba alágbádá dé, òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ní gómìnà ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá wa níbí ti wọ bàálù lọ òkè òkun láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn, tó dé tó sì ní àǹfààní wà níbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ òun. Ó ní àwọn aṣòfin náà ti ń gbé e yẹ̀ wò, pé dókítà kan sọ ọ́ lórí rédíò pé ó ń dín ìrora kù, àwọn èèyàn sì ń fóònù wọlé láti gbogbo ìgbèríko. Pásítọ̀ kan fóònù láti bú wọn, àmọ́ ẹni tó fóònù tẹ̀ lé e ní kí pásítọ̀ bi àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ léèrè.

“Wọ́n ti wá fọwọ́ sí i?” mo bi í.

“Wọ́n máa fọwọ́ sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?”

“Ìwọ náà ronú. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, ta ló jèrè? Ẹni tó ti ní ìrẹsì nílé kí wọ́n tó tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí i ńkọ́? Ẹni tó ti gbé ẹrù dúró sí Ìdíròkò kí wọ́n tó ṣí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òfin nìyẹn. Wọ́n á ti géètì, wọ́n á ṣí géètì. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí èyí, àwọn tó ti ní oko nílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní ìwé àṣẹ.”

“Géètì yìí ṣì wà ní títì.”

“Ọwọ́ wọn ti wà lórí kọ́kọ́rọ́.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ oko mi. Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní oko tòun wà létí títì, ẹnikẹ́ni tó bá wo láti inú mọ́tò á rí i. “Tìẹ nìkan ni kò sẹ́ni tó máa fura sí. Ṣebí o máa ń kí àwọn tó wà nídìí okùn títí dórí ajá wọn. Ta ló máa rò pé irú ẹ gbin igbó?”

Mo ní kó wá fà á tu. Ó ní kí n ní sùúrù kí àwọn aṣòfin ti ìsinmi dé. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rù tí mo gbé wá, àti ìbínú tí mo fi lé e lórí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn fi kan ọjà Ayétòrò pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbógun ti oògùn olóró máa yẹ àwọn oko tó wà lọ́nà Ìmẹ̀kọ wò. Mo sáré tọ olórí àáró lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí oko mi gba ọjọ́ àáró ẹlòmíràn, kí wọ́n wá bá mi kó nǹkan náà kúrò.

“Ta ló gbìn ín?” ló bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Télọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó. “A ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe òun. Ó dáa. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa tirẹ̀. Bí kò bá fà á, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án nínú wa.”

Mo lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìlaròó. N kò fi ipá fà á wá, mo kàn ní bí wọ́n bá mú mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún wọn ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò tó lọ̀ tí ìlà rẹ̀ dúró gán-ún, ó sì wọ bàtà aláwọ̀ dúdú wá sóko. Gbogbo ẹgbẹ́ àáró gbára lé ọkọ́ wọn, wọ́n ń wò ó.

“Ẹ fà á, Bàbá Télọ̀,” olórí wa wí, “kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.”

“Ṣé ẹ ò rò pé ká fi ẹyọ kan sílẹ̀? Fún àpẹẹrẹ. Tí òfin bá jáde.”

“Àpẹẹrẹ irú èyí tí wọ́n ń fi èèyàn ṣe?”

Ó di igi kan mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ki ẹsẹ̀ bọlẹ̀, ó fà á. Àwọn tó bá wa ro ìdí rẹ̀ ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa, gbòǹgbò rẹ̀ ti mọlẹ̀. Nígbà tó já, ẹ̀gbọ́n mi fìdí jókòó sórí ebè, ṣòkòtò náà sì di ti oko. Olórí wa kàn tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ kòtò jíjìn sí àbàtà lápá odò, a kó gbogbo rẹ̀ sí i, a da ilẹ̀ bò ó. A gbin ọ̀dùnkún sórí àwọn ebè tó ṣófo. Ẹni tó fi igi gbè é nínú wa ló ń kẹ́dùn jù. Ó ní òun kò tọ́jú àgbàdo ara òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, ó fi ọ̀wọ̀ kí mi, èyí tó tún dá kún ẹ̀rù mi. Mo ti ṣí fìlà láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìró mọ́tò wọn. Olórí àáró bá mi dúró, ó ní òun wá wo ẹ̀gẹ́.

“Dádì, oko yín mọ́ gan-an. Ta ló ń bá yín ro ó?”

“Àáró ni, sà.”

Ó rìn dé ìdí igi ìṣin. “Ọ̀dùnkún láàárín ẹ̀gẹ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìlà mi lọ́wọ́. Olórí àáró ní, “Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa nǹkan kan yọ nílẹ̀. Igi tí wọ́n fi gbe igbó lẹ́sẹ̀ ni, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. A ti gbàgbé rẹ̀. “Kí lẹ so mọ́ èyí?”

Mo rí ara mi lára ògiri ilé ìwé, lábẹ́ ewé tí wọ́n fa ìlà pupa lé.

“Ata,” olórí àáró wí. “Ó kú. Olóko yìí máa ń bomi rin nǹkan jù.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú mi. Mo rò pé ó rí ẹni tó lè bomi rin ata pa, torí ó mi orí, ó fi igi náà gún ilẹ̀ padà sáyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì kọjá sí oko ẹlòmíràn.

Èèyàn á rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Èso rẹ̀ ti dà sílẹ̀ kí a tó kó o. Bí òjò bá ti rọ̀, màá ti wà lóko láàárọ̀ kùtùkùtù, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ebè dé ebè, màá máa wá ewé kékeré tó ní eyín. Mo fà wọ́n, mo sì ń tẹ̀ wọ́n rì sínú àbàtà. Mo fa ewé ẹ̀gẹ́ tèmi náà tu nígbà mìíràn, torí ẹ̀rù kì í wo nǹkan dáadáa. A wa ẹ̀gẹ́ náà lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀, mo wá a wò títí, n kò rí ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fóònù mi. “Àbúrò, ilẹ̀ apá odò yẹn, ṣé o ti gbin nǹkan sí i?”

Mo pa fóònù náà. Mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó. Mo bá agolo mílíìkì kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì kún fún èso kéékèèké tí ara wọn ń dán. Ó ti tọ́jú wọn láti ìgbà yẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò dárúkọ agolo nígbà tí wọ́n ní kó fa nǹkan tu.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni rédíò wí?”

Ó wo rédíò bí ẹni wo ọmọ tó já a kulẹ̀. “Wọ́n ní àwọn aṣòfin ò tíì fẹnu kò. Wọ́n ń wí nǹkan mìíràn báyìí.”

“Nígbà náà, agolo yìí ò lè sùn síbí.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi kaná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tó hó, mo gbé agolo náà fún ẹ̀gbọ́n mi, torí ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Ó dà á sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń yí nínú ìkòkò.

“Ṣé kò ní hù mọ́ báyìí?” ló bi ìyàwó rẹ̀.

“Ìrẹsì tí ẹ jẹ lálẹ́ àná, ṣé ó ti hù nínú yín?”

A da gbogbo rẹ̀ sí ilé ìyàgbẹ́. Mo dúró kí n tó lọ, mo fọ agolo náà fúnra mi.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ sí Ayétòrò, wọ́n ta okùn sójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ oko mi wò lọ́jọ́sí ló dúró nídìí rẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó sọ okùn náà sílẹ̀, ó sì ju ọwọ́ sí wa pé ká máa lọ.

“Bàbá, wọ́n ní ká kọjá,” ọlọ́kadà wí. “Kí lẹ ń sọ̀ kalẹ̀ fún?”

Ẹsẹ̀ mi kan ti kan ilẹ̀. Mo gbé e padà sókè, mo di fìlà mi mú sórí, a sì kọjá.